"Wọ́n tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́": ta tiẹ̀ ni "wọ́n" àkọ́kọ́ yẹn?

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látinú gírámà, ẹ má bínú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Táa bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn tí wọn ò kà sí, tí ohùn wọn kì í dé ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan, ohun táa sábà máa ń sọ ni pé "wọ́n tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́". Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. "Wọ́n" méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn, a mọ̀ wọ́n: adití ni, ẹni tí ò lè fẹsẹ̀ rìn ni, ẹ̀yà tó kéré níye ni, obìnrin ni, ẹni tí wọ́n bí sínú ìṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n "wọ́n" àkọ́kọ́ ńkọ́, àwọn tó ń tini? Èdè wa gbà wá láyè láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n jí i lówó. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ta ló ní kóo máa bọ̀? Wọ́n ni.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo láwùjọ ti ń bẹ̀rẹ̀ o. Ẹnìkan á ní "àwùjọ yìí ti tì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́", ẹlòmíì á dáhùn pé "èmi o, mi ò ti ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe, mò ń san owó orí mi, mi ò bú ẹnikẹ́ni rí nítorí ẹ̀yà ẹ̀", bí ìjà ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kálukú á sì máa rò pé irọ́ lẹnìkejì ń pa. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Bó ṣe lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ó pẹ́ kó tó yé èmi náà, mo máa ń rò pé níbi tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ìkà èèyàn kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó fara pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí erékùṣù kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Martha's Vineyard. Àwọn ìdílé kan tó tẹ̀dó síbẹ̀ láyé àtijọ́ gbé nǹkan kan wá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń mú kí wọ́n máa bí ọmọ adití, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn láàárín ara wọn, ó wá lọ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní igba ọdún. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, téèyàn bá ka èèyàn 155 níbẹ̀ ọ̀kan á jẹ́ adití, ní Chilmark tó wà lórí erékùṣù náà ó tiẹ̀ tó ọ̀kan nínú 25. Kí làwọn ará ibẹ̀ wá ṣe sí i? Wọn ò dá ẹgbẹ́ aláàánú kankan sílẹ̀ o. Gbogbo wọn kàn ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ ni, ẹni tó ń gbọ́ràn àti ẹni tí ò gbọ́ràn. Apẹja á fọwọ́ bá apẹja ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ látinú ọkọ̀ kan sí èkejì níbi tí ohùn ò lè dé, àwọn ọmọ iléèwé á máa fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tíṣà, kódà àwọn tí etí wọn dá ṣáká á jókòó láàárín ara wọn kí wọ́n sì máa fọwọ́ sọ ọ́ láìsí adití kankan nítòsí. Adití ibẹ̀ ń pẹja, ó ń dáko, ó ń fẹ́yàwó, ó ń bá wọn ṣèlú.

Ẹ wá gbé adití kan náà, pẹ̀lú etí kan náà, ẹ fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá sí ìlú ńlá tó wà lódìkejì lákòókò yẹn. Ó débẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fọwọ́ sọ, lójú ẹsẹ̀ ó di ẹni tí wọ́n ń káàánú, ó di ẹni tí wọ́n ń bá ẹnìkejì ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ nígbà tó wà níbẹ̀, ó di ẹni tí wọn ò lè fún níṣẹ́. Kí ló yí padà? Nǹkan kan ò ṣe etí ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọwọ́ àwọn tó yí i ká ló yí padà.

Lọ́dún 1976, ẹgbẹ́ kan táwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ èrò yìí sílẹ̀ lọ́nà tó mú un yé èèyàn. Wọ́n ní nǹkan méjì la máa ń pa pọ̀ ṣe ọ̀kan. Ohun tó ṣe ara wa wà lọ́tọ̀, ohun táwọn èèyàn dì rù wá lórí ẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ tí ò gbé nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ara nìyẹn. Àtẹ̀gùn mẹ́wàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tí ò jẹ́ kí ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara wọlé lọ ro ẹjọ́ ara ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó ya ilé ni. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ya ilé náà ò kórìíra ẹnikẹ́ni o! Ó kàn ronú nípa èèyàn, èèyàn tó sì wá sí i lọ́kàn ní ẹsẹ̀ méjì tó gbé nílẹ̀, bíi tiẹ̀. Ó ti lè kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àtẹ̀gùn ẹ̀ ṣì ń dá èèyàn padà lónìí. Tẹ́ ẹ bá ń wá "wọ́n" àkọ́kọ́ yẹn, nígbà míì àtẹ̀gùn ni.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí lẹnìkan á ti fa òwe yọ pé ìka ò dọ́gba. Wọ́n ti fi òwe yìí pa ẹnu èèyàn mọ́ lójú mi débi pé ó ń bí mi nínú. Òótọ́ ni pé ìka ò dọ́gba, ta ló jiyàn, ṣùgbọ́n kò síbi tí òwe yẹn ti ní ká gé èyí tó kéré, tàbí ká máa rán ìbọ̀wọ́ tí ò ní ibi tí ọmọńdinrín máa wọ̀ ká wá máa bá ọmọńdinrín wí pé òtútù ń mú un. Tí nǹkan ò bá dọ́gba, ìyẹn ló tiẹ̀ fi yẹ kéèyàn ro bó ṣe máa pín in, àbí?

Aristotle, ọkùnrin Gíríìkì ayé àtijọ́ yẹn, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òdodo ni ká ṣe bákan náà fáwọn tó bá dọ́gba, ká sì ṣe é lọ́tọ̀ fáwọn tó yàtọ̀, bí ìyàtọ̀ wọn bá ṣe tó. Ó dùn létí gan-an. Àmọ́ Aristotle kan náà yẹn ló ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹrú ni ìwà wọn, pé ọkùnrin ló yẹ kó máa darí obìnrin. Ẹ rí i pé òfin ẹ̀ ò burú, ibi tó burú sí ni ẹni tó ń pinnu pé ìyàtọ̀ wo ló já mọ́ nǹkan. Àwọn tí wọ́n ń wọ̀n ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe òṣùwọ̀n.

Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, béèrè ìbéèrè kúkúrú kan nínú àsọyé tó ṣe lọ́dún 1979: ìdọ́gba nínú kí ni? Tẹ́ ẹ bá fún ẹni tó ń rìn àti ẹni tí ò lè rìn ní iye owó kan náà, ẹ ti ṣe bákan náà fún wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan máa fi tiẹ̀ ra ìwé, èkejì máa fi ìdajì tiẹ̀ wá ọ̀nà tó máa fi dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé. Ohun tí Sen ń sọ ni pé ká yé ka ohun tó wà lọ́wọ́ èèyàn nìkan, ká wo ohun tó lè fi ṣe, irú ayé tó lè gbé. Ọ̀rọ̀ yìí ló tú ìjà "bákan náà" ká fún èmi. Bákan náà lọ́wọ́ ẹni tó ń fúnni lè má jẹ́ bákan náà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á.

Ó dáa, báwo lèèyàn ṣe máa wá ṣòfin tí ò ní gbè sẹ́yìn ara ẹ̀? Ẹni tọ́rọ̀ yìí jẹ lógún jù ni John Rawls, fìlọ́sọ́fà ọmọ Amẹ́ríkà. Nígbà tí Rawls wà lọ́mọdé, àìsàn kọ lù ú, àbúrò ẹ̀ kan kó o lára ẹ̀, ó kú, lọ́dún tó tẹ̀ lé e àìsàn míì tún dé, àbúrò ẹ̀ míì kó ìyẹn náà, ó kú, John ló yè. Mi ò sọ pé ìyẹn ló bí ìwé tó kọ o, ṣùgbọ́n téèyàn bá ka ìwé náà tó jáde lọ́dún 1971, ọ̀rọ̀ kan tó ń padà wá ṣáá ni pé èèyàn ò ṣiṣẹ́ fún ibi tí wọ́n bí i sí, kò ṣiṣẹ́ fún ara líle, kò ṣiṣẹ́ fún ọpọlọ pípé, ó kàn bọ́ sí i ni.

Ohun tó ní ká ṣe rèé. Ká ṣe bí ẹni pé gbogbo wa kóra jọ ká tó wá sáyé láti ṣòfin ayé táa fẹ́ lọ gbé, ṣùgbọ́n aṣọ bò wá lójú, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tóun máa jẹ́. O lè jẹ́ ọkùnrin, o lè jẹ́ obìnrin, o lè jẹ́ ọmọ ọlọ́rọ̀, o lè jẹ́ ẹni tí wọ́n máa ta lẹ́rú, o ò mọ àwọ̀ ẹ o ò mọ ìlera ẹ. Àwa táa mọ̀ nípa àkúnlẹ̀yàn, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa, ó kàn yí i padà díẹ̀ ni: òfin ni wàá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ yàn, wọn ò tíì fi orí tó kàn ẹ́ hàn ẹ́. Rawls ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa ṣe òfin tó máa tẹ ẹnì kankan mọ́lẹ̀, torí òun fúnra ẹ̀ lè jẹ́ ẹni náà. Ìyàtọ̀ ọrọ̀ lè wà, kò kọ̀ ọ́, tó bá ti jẹ́ pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá máa rí àǹfààní tó ju bó ṣe máa rí tí kò bá sí ìyàtọ̀ náà.

Robert Nozick, fìlọ́sọ́fà tí òun àti Rawls jọ wà ní yunifásítì Harvard, dá a lóhùn lọ́dún 1974 pẹ̀lú àpèjúwe kan tó ṣì ń pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́ títí dòní. Ẹ pín owó bó ṣe wù yín, ẹ ṣe é kó dọ́gba kanlẹ̀. Wilt Chamberlain, eléré bọ́ọ̀lù alágbọ̀n, wá sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wo eré òun kó sọ sẹ́ǹtì 25 sínú àpótí òun. Èèyàn mílíọ̀nù kan fi tayọ̀tayọ̀ sọ ọ́. Lópin sáà, dọ́là 250,000 ti wọlé fún Chamberlain, ìdọ́gba yín ti fọ́, ta ló rẹ́ ta jẹ? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dọ́gba padà, àfi kẹ́ ẹ máa ki ọwọ́ bọ àpò èèyàn lójoojúmọ́.

Èmi gbà pé àpèjúwe yẹn lágbára. Mi ò rò pé ó yẹ ká máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fò dá nígbà tó ní "ẹ pín in bó ṣe wù yín": ó ní ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìpín tó mọ́. Ta ló rí ìpín tó mọ́ rí? Charles Mills, fìlọ́sọ́fà tó dàgbà ní Jàmáíkà, dojú irú ọ̀rọ̀ yìí kọ Rawls gan-an, kì í ṣe Nozick nìkan. Nínú ìwé tó ṣe lọ́dún 1997 ó ní àwọn amòye yìí máa ń sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn tí gbogbo èèyàn jọ ṣe, bẹ́ẹ̀ àdéhùn tó wáyé gan-an láyé ni èyí táwọn aláwọ̀ funfun bá ara wọn ṣe lórí àwọn tó kù. Lédè míì, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé eré ò tíì bẹ̀rẹ̀, eré náà ti ń lọ tipẹ́, ojú ẹlòmíì ti wú, àwọn kan wà ní ìta gbọ̀ngàn tí wọn ò tíì jẹ́ kí wọ́n wọlé rí, ẹ wá ń bi wá pé òfin wo la máa fi bẹ̀rẹ̀.

Tórí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tàn yín jẹ o. Ìgbà míì wà tí "wọ́n" àkọ́kọ́ lórúkọ, tó buwọ́ lùwé, tó kọ déètì síbẹ̀. Ní South Africa, òfin ilẹ̀ tọdún 1913 fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ sílẹ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù, nígbà tó di 1936 wọ́n sún un sí nǹkan bí ìdá mẹ́tàlá. Lọ́dún 1950 wọ́n tún ṣe èyí tó sọ àdúgbò tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé, wọ́n sì ń kó èèyàn kúrò nílé tí wọ́n bí i sí. Ìyẹn ò ní àdììtú kankan nínú. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká wò ni ọdún 1991 tí wọ́n fagi lé àwọn òfin ilẹ̀ yẹn. Wọ́n fagi lé òfin, ilé ò sì ṣí nídìí. Ẹni tí wọ́n lé lọ sẹ́yìn ìlú ṣì wà lẹ́yìn ìlú, ọ̀nà iṣẹ́ ẹ̀ ṣì jìn, iléèwé tó wà nítòsí ẹ̀ ṣì ni iléèwé tí wọn ò náwó sí. Báńkì tó bá wo àdúgbò ẹ̀ tó ní kò ní lè san gbèsè padà lè má ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà kankan nínú òṣìṣẹ́ ẹ̀, ìṣirò ló ṣe. Ọwọ́ tó kọ́kọ́ ti nǹkan ti kúrò níbẹ̀, nǹkan náà ń yí lọ.

B. R. Ambedkar, tó darí ìgbìmọ̀ tó kọ òfin orílẹ̀-èdè Íńdíà, mọ èyí dáadáa, torí ìdílé àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìṣeéfọwọ́kàn (àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́ látìgbà tí wọ́n ti bí wọn) ni wọ́n ti bí i, ó jókòó lọ́tọ̀ ní kíláàsì nígbà tó wà lọ́mọdé. Òfin náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1950, fòpin sí àìṣeéfọwọ́kàn ní abala kẹtàdínlógún ẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù méjì ṣáájú ìgbà yẹn, Ambedkar fúnra ẹ̀ dúró níwájú àwọn aṣòfin ó ní ìgbésí ayé tó ń tako ara ẹ̀ la fẹ́ bọ́ sí o: nínú ìdìbò gbogbo wa máa dọ́gba, nínú ọrọ̀ ajé àti láwùjọ a ò ní dọ́gba. Ẹni tó kọ òfin ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Ìgbà míì tiẹ̀ tún wà tí kò sí ìbuwọ́lù kankan níbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1971, Thomas Schelling, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, fi hàn bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ to oríṣi owó onírin méjì sórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹ wá sọ pé owó kọ̀ọ̀kan ò ní wàhálà pẹ̀lú àjèjì o, ohun tó kàn fẹ́ ni kí bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó yí i ká jọ ọ́, tí wọn ò bá tó bẹ́ẹ̀ kó ṣí lọ síbòmíì. Ẹ máa ṣí wọn lọ bẹ́ẹ̀. Kò ní pẹ́ tí pátákó náà á fi pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oríṣi kan níhìn-ín, èkejì lọ́hùn-ún, bí ẹni pé ẹnìkan pàṣẹ ẹ̀. Kò sì sí owó kankan tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ran èmi lọ́wọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Iris Marion Young, obìnrin Amẹ́ríkà kan tó kú lọ́dún 2006. Nínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1990, ó ní ìnilára ní ojú márùn-ún. Mi ò ní to gbogbo ẹ̀ síbí, méjì péré ni mo fẹ́ fà yọ torí àwọn ló máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ìrẹ́jẹ lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀ sí kí wọ́n ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, wọ́n nílò ẹ̀, òógùn ẹ̀ ni ẹlòmíì ń mu, tó bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró lónìí ọ̀gá máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó nílò òógùn ẹ̀. Tó bá dáwọ́ dúró kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àgbàlagbà tí wọn ò gbà síṣẹ́ mọ́, ọ̀dọ́ tó ti pẹ́ tó ń wáṣẹ́, aláàbọ̀ ara tí wọ́n fi sílé. Young ní ó ṣeé ṣe kí èyí léwu ju gbogbo ojú yòókù lọ, torí àwọn tí wọ́n ti mú kúrò nínú ohun tó ń lọ láwùjọ, ó rọrùn láti fi ebi pa wọ́n, ó sì lè débi tí wọ́n á fi pa wọ́n run. Kódà ó ní kéèyàn máa fún wọn lówó oúnjẹ ò tíì parí ọ̀rọ̀, torí ẹni tó ń jẹun tí ò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni lójú ara ẹ̀, wọ́n ṣì fi nǹkan dù ú.

Nǹkan míì tó tún máa ń dàrú ni pé èèyàn kan ṣoṣo lè wà nínú "wọ́n" méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú márùn-ún ló gbé General Motors lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ náà ò gba obìnrin dúdú kankan ṣáájú 1964, nígbà tí iṣẹ́ wá dín kù, wọ́n ní àwọn tó dé kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ lọ, gbogbo obìnrin dúdú tí wọ́n gbà lẹ́yìn 1970 sì lọ. Lọ́dún 1976 kóòtù ní ẹ mú ọ̀kan: ṣé torí pé ẹ jẹ́ obìnrin ni tàbí torí pé ẹ jẹ́ dúdú? Tó bá jẹ́ torí obìnrin, iléeṣẹ́ yìí ti ń gba obìnrin láti ọjọ́ tó ti pẹ́ (obìnrin funfun ni o, ní ọ́fíìsì). Ẹ̀sùn tó pa méjèèjì pọ̀, kóòtù ní òun ò mọ irú ẹ̀. Kimberlé Crenshaw, lọ́yà tó tún jẹ́ tíṣà nípa òfin, mú ẹjọ́ yìí lọ́dún 1989 ó fi ìkóríta ṣàpèjúwe ẹ̀. Ọkọ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà mẹ́rin, ẹni tó dúró láàárín lè jẹ́ pé ọ̀kan ló gbá a, ó lè jẹ́ gbogbo wọn. Ẹ wá ní tí kò bá lè tọ́ka ọkọ̀ kan pàtó ẹ ò ní gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìkóríta ò ṣàjèjì sí etí wa, kí n má fi ẹnu gùn ún.

Gbogbo èyí lẹni tó ń wò ó látòkèèrè lè kà nínú ìwé. Ohun tó ṣòro kà ni ibi tí bàtà ti ń ta ẹni tó wọ̀ ọ́. Miranda Fricker, fìlọ́sọ́fà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìwà àìtọ́ kan wà tí wọ́n ń hù sí èèyàn nínú ìmọ̀, ọdún 2007 ló kọ ìwé nípa ẹ̀. Ọ̀nà méjì ló gbà ń wáyé. Àkọ́kọ́ ni pé èèyàn sọ òótọ́, wọn ò gbà á gbọ́, torí irú ẹni tó jẹ́. Gbogbo wa mọ ìyẹn. Ìkejì ló jinlẹ̀: nǹkan ń ṣe ẹ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ tóo máa fi sọ ọ́, torí àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ò ní irú bàtà ẹ. Ní àárín àwọn ọdún 1970, obìnrin òṣìṣẹ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà fiṣẹ́ sílẹ̀ torí ọkùnrin kan níbẹ̀ ò yé fọwọ́ pa á lára. Nígbà tó lọ béèrè fún owó tí ìjọba ń fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó sọ ìdí tó fi kúrò níbi iṣẹ́. Kí ló máa kọ? Kò sí orúkọ fún un nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ ara ẹni ló kọ síbẹ̀, wọn ò sì fún un lówó. Àwọn obìnrin kan wá jókòó pa pọ̀, ọ̀kan sọ tiẹ̀, èkejì sọ tiẹ̀, wọ́n rí i pé gbogbo wọn ló ti ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n ń yẹ orúkọ kan wò lẹ́yìn òmíì títí wọ́n fi rí èyí tí kóòtù àti iléeṣẹ́ káàkiri ayé ń lò lónìí fún fífi ìṣekúṣe yọ èèyàn lẹ́nu. Ṣáájú ọjọ́ yẹn ohun tó ń ṣe wọ́n wà o. Orúkọ ni ò ní.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní "èmi ò ti ẹnikẹ́ni". Mo ní òótọ́ lè ni. Young kọ ìtàn obìnrin kan tó ronú kàn lásán, ó pè é ní Sandy. Ó ní ọmọ méjì, kò sí ọkọ. Wọ́n ti ta ilé tó ń gbé, ẹni tó rà á fẹ́ sọ ọ́ di nǹkan míì, òfin sì gbà á láyè. Ilé tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ wọ́n, èyí tí ò wọ́n jìn débi tó fi ní láti ra mọ́tò, owó mọ́tò jẹ nínú owó ilé. Nígbà tó wá rí ilé kan, wọ́n ní kó san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, kò ní in. Àwọn ọmọ ẹ̀ ti fẹ́ máa sùn níta báyìí. Ẹ wo gbogbo àwọn tó bá pàdé lọ́nà: ẹni tó ta ilé ò jalè, ẹni tó ń báni wá ilé tiẹ̀ ṣàánú ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ ò rẹ́ ẹ jẹ. Kóòtù wo lẹ máa gbé ta lọ?

Èyí ni Young fi ní ẹ̀bi wà lọ́tọ̀, ojúṣe wà lọ́tọ̀. Ẹ̀bi máa ń wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó ṣe é, tó bá sì rí i ó máa dá àwọn tó kù sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé. Ojúṣe ń wo iwájú. Ó ní tóo bá wà lára àwọn tí ìwà wọn ojoojúmọ́, tí kò rú òfin kankan, ń mú kí nǹkan náà máa yí lọ, o lọ́wọ́ nínú títún un ṣe, ẹni tó sì lágbára jù tàbí tó ń jẹ àǹfààní ẹ̀ jù, ojúṣe tiẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ yìí ti rọ̀ jù, pé tí gbogbo wa bá ní ojúṣe kò sẹ́ni tó máa ṣe é, èmi náà máa ń rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà míì, pàápàá tí mo bá rántí àwọn tó buwọ́ lùwé ní South Africa lọ́dún 1950. Irú àwọn yẹn jẹ̀bi, kí wọ́n má fi ojúṣe bò ó. Àmọ́ fún Sandy, mi ò tíì rí àlàyé tó sàn ju èyí lọ.

Adití tó kẹ́yìn lára àwọn tí wọ́n bí sí Martha's Vineyard kú lọ́dún 1952. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni olùwádìí kan lọ bá àwọn àgbà erékùṣù náà láti gbọ́ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ó dárúkọ ọkùnrin méjì fún ìyá àgbà kan, ó bi í bóyá nǹkan kan wà tó jọ àwọn méjèèjì. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni, apẹja ni wọ́n, wọ́n mọ iṣẹ́ apẹja gan-an. Olùwádìí ní, adití kọ́ làwọn méjèèjì ni? Ìyá àgbà rò ó díẹ̀, ó ní, àní, tí mo bá tiẹ̀ rò ó, adití làwọn méjèèjì lóòótọ́.